Ta ló ń jẹ nínú owó obìnrin náà?

Bí o bá sọ̀ ní Òjúẹ̀lẹ́gbà lọ́sàn-án gangan, tí o yà sí àdúgbò Ayílárà ní Sùúrùlérè, kì í ṣe obìnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà lo máa kọ́kọ́ rí. Ọjà lo máa rí. Ìyá alágbo ti to ìgò rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì. Ẹni tó ń ta ìrẹsì àti dòdò ti ń fọ abọ́. Onídìrí ti gbé wíìgì kọ́ sára ògiri, mẹ́ruwà ń ti ọmọlanke omi bọ̀, oní-POS ti ṣí agbòjò. Oníbàárà kan náà ni gbogbo wọn ń retí: obìnrin tó ṣì ń sùn nínú yàrá, tí iṣẹ́ tirẹ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ó ti pẹ́ tí Ayílárà ti lórúkọ fún iṣẹ́ aṣẹ́wó. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tí wọn kò ṣe iṣẹ́ náà kì í fẹ́ sọ àdírẹ́sì wọn fún àna. Kì í sì í ṣe Ayílárà nìkan. A mọ Ìjọra, a mọ àwọn òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìkẹjà, a mọ abẹ́ àwọn bíríìjì kan. Ọdọọdún ni ìròyìn kan náà máa ń jáde láti irú ibẹ̀: àwọn agbófinró ya wọ àdúgbò, wọ́n kó obìnrin sínú ọkọ̀, fọ́tò wọn wà níta, wọ́n fi ọwọ́ bo ojú. Kó tó di oṣù kejì, yàrá ọ̀hún ti kún padà. Bí kò bá jẹ́ obìnrin tàná, á jẹ́ òmíràn. Ìyá onírẹsì kò tilẹ̀ kó àga rẹ̀ wọlé.

Kí ló dé tí kì í tán? Àwọn kan á ní ìwà ìbàjẹ́ ni, àwọn kan á ní ebi ni. Èmi rò pé a kò ka orí àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ pé. Wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: aṣẹ́wó, ẹni tó ń ṣẹ́ owó, bí ìgbà tí èèyàn ń wá ẹni tó máa bá òun ṣẹ́ ẹgbẹ̀rún náírà sí wẹ́wẹ́. Orúkọ náà kò dárúkọ ibùsùn, owó ló dárúkọ. Owó tó sì ti di wẹ́wẹ́, ọwọ́ púpọ̀ ló máa ń bọ́ sí.

Ní Íńdíà, àwọn abúlé kan wà tí kò ti sí bí èèyàn ṣe lè fojú fo èyí, nítorí odindi abúlé ló ń jẹ níbẹ̀, láti orí baba arúgbó dé orí ọmọ ọwọ́. Àwọn ará ibẹ̀ ti ń gbìyànjú láti yí i padà fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú ilé-ìwé, pẹ̀lú oko, pẹ̀lú ìgbéyàwó pàápàá. Ibi tó ti ṣeé ṣe àti ibi tó ti kọsẹ̀, àwa ní Èkó ní ohun tí a lè rí níbẹ̀.

Alárìnjó tó di afurasí

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Natpurwa, abúlé kan ní agbègbè Hardoi, ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh, lápá àríwá Íńdíà. Àwọn ẹ̀yà Nat ló ń gbé ibẹ̀. Orúkọ wọn tan mọ́ ijó àti eré. Àwọn ni wọ́n ń rìn lórí okùn, tí wọ́n ń tàkìtì, tí wọ́n ń jó níwájú ọba àti lágbàlá àwọn onílẹ̀ ńlá. Ẹni tó bá mọ ìtàn alárìnjó tiwa á mọ irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀: wọn kò lóko, wọn kò nílẹ̀, ibi tí ìlù bá ti dún ni wọ́n ti ń jẹun.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ohun tí yóò fi ẹni tí kì í gbé ojú kan ṣe. Ní 1871, ó ṣòfin kan tó pe odindi ẹ̀yà ní ọ̀daràn. Àríwá ni òfin náà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì tàn ká ilẹ̀ náà lẹ́yìn náà. Ọmọ tí wọ́n bí lónìí ti di afurasí kó tó mu ọmú. Àgbà inú wọn gbọ́dọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kí ó sì gba ìwé àṣẹ kó tó lè sùn sí abúlé mìíràn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà alárìnkiri ló bá a lọ, tó fi mọ́ àwọn Nat kan. Íńdíà gba òmìnira ní 1947, ọdún 1952 ni wọ́n tó pa òfin náà rẹ́ pátápátá. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pe irú àwọn ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ ní “àwọn tí a tú sílẹ̀”. Wọ́n tú wọn sílẹ̀ lóòótọ́. Wọn kò fún wọn nílẹ̀, wọn kò fún wọn níṣẹ́, ọlọ́pàá kò sì yé fura sí wọn.

Ní ọdún díẹ̀ náà gan-an ni ìjọba tuntun gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ ńlá. Ohun tó dára ni fún àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onílẹ̀ yẹn ló ń pe oníjó. Agbo ijó tú, okùn táwọn ọkùnrin ń rìn lórí rẹ̀ di ohun ìgbàgbé, ohun tó ṣẹ́ kù tí ẹnikẹ́ni ṣì fẹ́ fowó rà ni ara obìnrin. Díẹ̀díẹ̀, ó di àṣà. Nígbà tó bá sì ti di àṣà, àwọn ará ìta á máa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe wà létò nínú ilé ni èèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀. Láàárín àwọn Bedia, ẹ̀yà mìíràn tí ìtàn wọn jọra, ìyàwó ilé kì í ṣe é, ọmọ ilé ló ń ṣe é. Obìnrin tí wọ́n gbé wọlé láti ìta ń dáná, ó ń bímọ, ó ń bo orí rẹ̀ bí ọmọlúàbí. Arábìnrin ọkọ rẹ̀ ni owó oúnjẹ ń tọwọ́ rẹ̀ wá. Láàárín àwọn Bachhada, ní agbègbè Mandsaur, Neemuch àti Ratlam ní ìpínlẹ̀ Madhya Pradesh, àkọ́bí obìnrin ni ilé máa ń yà sọ́tọ̀ fún un. Nítorí náà ni wọ́n fi ń yọ̀ tí wọ́n bá bí obìnrin, ní orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ ilé ti ń sunkún nítorí pé kì í ṣe ọkùnrin. Ẹni tó ń wo ayọ̀ yẹn láti òkèèrè lè rò pé wọ́n fẹ́ràn ọmọbìnrin ju àwọn tó kù lọ.

Ta ló wá ń jẹ? Baba ń jẹ. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tó ń wá oníbàárà ń jẹ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ń jẹ. Àwọn ọmọ wọn ń jẹ, owó náà ni wọ́n sì fi ń san owó orí nígbà tí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ ìyàwó. Wàyí o, sọ fún ọmọbìnrin yẹn pé kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ilé-ìwé tí kò béèrè orúkọ baba

Natpurwa kò dúró de ẹni tó máa wá gbà á là. Obìnrin kan tó ti ṣe iṣẹ́ náà rí wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé nínú abúlé, pẹ̀lú ìtìlẹ́yìn ẹgbẹ́ Asha tí Sandeep Pandey wà lára àwọn olórí rẹ̀, ẹni tó gba àmì-ẹ̀yẹ Magsaysay ní 2002. Kì í ṣe pé kò sí ilé-ìwé mìíràn ní agbègbè náà. Ohun tó ń lé àwọn ọmọ náà sílé ni ẹnu àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn àti ojú tí olùkọ́ fi ń wò wọ́n. Ọmọ tí wọ́n ń bi léèrè lójoojúmọ́ pé “ta ni baba ẹ?”, ta ló máa fún un lẹ́sẹ̀ tó máa fi padà lọ́la?

Àkọsílẹ̀ orúkọ baba yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Fún ìgbà pípẹ́ ni fọ́ọ̀mù ìjọba Íńdíà ti ń béèrè baba kí ọmọ tó lè gba ìwé kankan. Ní 2015, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ sọ pé ìyá tí kò lọ́kọ lè gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí fún ọmọ rẹ̀ láìdárúkọ ọkùnrin kankan. Òfin tó sọ ẹ̀kọ́ di ẹ̀tọ́ fún ọmọ ọdún 6 sí 14 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, kó tó di pé ìdájọ́ yẹn wáyé. Ìyẹn ni pé fún ọdún márùn-ún, ọmọ kan lè ní ẹ̀tọ́ sí ilé-ìwé lórí ìwé, kí fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo sì máa fi í ṣẹ̀sín lẹ́nu ọ̀nà.

Ilé-ìwé abúlé kò sọ ẹnikẹ́ni di dókítà lọ́gán. Ohun tó ṣe ni pé ó gbé ọjọ́ orí sókè. Ọmọbìnrin tó wà ní kíláàsì lọ́dún mẹ́tàlá, lọ́dún mẹ́rìnlá, kò tíì sí lọ́jà. Ọdún kọ̀ọ̀kan tó bá lò níbẹ̀ jẹ́ ọdún kan tó fi dàgbà sí i, tí ohùn rẹ̀ fi le sí i nínú ilé. Àwọn tó ń fi iye èèyàn tó yege ìdánwò díwọ̀n irú ilé-ìwé yìí kò mọ ohun tí wọ́n ń díwọ̀n.

Wadia: ìdána, omi, ẹ̀yáwó

Abúlé Wadia wà lápá ìwọ̀ oòrùn Íńdíà, ní agbègbè tó ń jẹ́ Banaskantha nígbà tí ìtàn yìí wáyé, ìpínlẹ̀ Gujarat. Ẹ̀yà Saraniya ló wà níbẹ̀, àwọn tó ń pọ́n idà àti ọ̀bẹ fún ọmọ ogun láyé ọba. Ogun tán, idà kò níṣẹ́ mọ́, ìtàn náà sì gba ọ̀nà kan náà tó gbà ní Natpurwa.

Ẹgbẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ẹ̀yà alárìnkiri, Vicharta Samuday Samarthan Manch, èyí tí Mittal Patel jẹ́ olórí rẹ̀, wọ ibẹ̀. Wọ́n rí ohun kan nínú àṣà abúlé náà fúnra rẹ̀: ọmọbìnrin tí wọ́n bá ti dána rẹ̀, tàbí tó bá ti lọ́kọ, wọn kì í fi í sínú iṣẹ́ náà mọ́. Kò sí ẹni tó kọ òfin yìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin tó ń tà wọ́n pàápàá ń bọ̀wọ̀ fún un. Ní oṣù Kẹta ọdún 2012, wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin abúlé náà jọ, wọ́n ṣe ìgbéyàwó àti ìdána fún wọn lọ́jọ́ kan náà, ní gbangba, lójú oníròyìn. Àwọn tó ń jẹ nínú iṣẹ́ náà kò fẹ́ ẹ. Ó wáyé bẹ́ẹ̀.

Inú mi kì í dùn tán tí mo bá ń ròyìn èyí. Ọmọbìnrin kúrò lọ́wọ́ baba, ó bọ́ sọ́wọ́ ọkọ, kò sì sí ẹni tó bi í bóyá ó fẹ́ lọ́kọ rárá. Àwọn obìnrin Íńdíà kan náà ti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá láti ìta á ti mú òfin àti ọlọ́pàá wá, ọdún kan kò ní pé tí gbogbo rẹ̀ á fi yọ́. Àwọn wọ̀nyí wá ilẹ̀kùn kan tó ti wà lára ògiri tẹ́lẹ̀, wọ́n sì gbà á jáde.

Ìdána nìkan kì í sì í bọ́ ẹnikẹ́ni. Banaskantha jẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ, níbi tí ilẹ̀ oko tí kò ní omi kò yàtọ̀ sí bébà lásán. Nítorí náà, omi ni wọ́n ní láti wá, kí ọkùnrin tó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà lè rí nǹkan gbìn. Wọ́n ń yá àwọn ìdílé lówó tí kò ní èlé fún òwò kéékèèké. Wọ́n ń gba àwọn ọmọ sí ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ tó jìnnà sílé. Ẹ kíyè sí i pé ọwọ́ àwọn ọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ wá iṣẹ́ fún. Lójú mi, èyí ni ohun tó gbọ́n jù nínú gbogbo ìtàn Wadia. Bí baba bá ń ká kúmínì lóko, kò ní máa ka iye ọdún tó kù kí ọmọ rẹ̀ tó bàlágà.

Kò tíì tán níbẹ̀ o. Kò tíì tán ní Natpurwa náà. Àwọn kan ṣì ń ṣe é, àwọn kan kó lọ sí ìlú ńlá, wọ́n ń ṣe é níbẹ̀. Ohun tó gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó gbilẹ̀ kì í fi ọdún díẹ̀ kú.

Èkó ti gbìyànjú rẹ̀ rí

Ẹ má jẹ́ ká ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn ará ibòmíràn ni. Láyé Ogun Àgbáyé Kejì, Èkó kún fún sójà àti atukọ̀, iṣẹ́ aṣẹ́wó pọ̀ sí i, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojútùú. Ní 1941, wọ́n fi Donald Faulkner ṣe ọ̀gá fún ọ̀rọ̀ ìgbáyégbádùn. Ní 1943, òfin àwọn ọmọdé jáde, èyí tí wọ́n lò láti fi dí ọ̀nà mọ́ àwọn ọmọbìnrin kéékèèké tó ń kiri ọjà. Èrò wọn ni pé ọmọ tó ń kiri lónìí ni wọ́n máa tàn lọ́la.

Èrò náà kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n ojú tí ìyá ọlọ́jà ní Ìsàlẹ̀ Èkó fi wò ó yàtọ̀. Ìkiri ni ilé-ìwé òwò fún ọmọ rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń mọ owó, tó ń mọ oníbàárà, tó ń mọ irọ́ yàtọ̀ sí òótọ́. Wọ́n gba ìkiri lọ́wọ́ rẹ̀, ilé-ìwé tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn obìnrin tí Oyinkan Abayọmi dá sílẹ̀ ní 1944 ń pariwo lórí èyí, pé kí ìjọba mú ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ obìnrin ní pàtàkì. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí.

Ìjọra-Badia wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn Èkó gbọ́ orúkọ náà, ohun tó wá sí wọn lọ́kàn ni ilé aṣẹ́wó àti igbó. Ẹ jẹ́ ká béèrè bí àwọn èèyàn ṣe débẹ̀. Ní 1973, ìjọba lé àwọn ará abúlé Olúwọlé kúrò nílẹ̀ wọn kó lè kọ́ gbọ̀ngàn ìṣeré ńlá tó wà ní Ìgànmú, èyí tí gbogbo ayé wá ṣe FESTAC sí ní 1977. Badia tó jẹ́ ẹrẹ̀ nígbà náà ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Wọ́n fi yanrìn dí i, wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 2013, ẹ̀rọ katakata wọ Badia Ìlà-oòrùn, àjọ Amnesty International sì sọ pé àwọn tó pàdánù ibùgbé tàbí ìjẹ wọn lọ́jọ́ yẹn súnmọ́ 9,000.

Ṣé ẹ rí i bí ó ṣe jọ ti àwọn Nat? Ìjọba kó wọn kúrò níbi kan, kò fún wọn ní nǹkan tó dúró níbi kejì, lẹ́yìn náà ó fi ibi tí wọ́n bá ara wọn bú wọn. Obìnrin tí wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní òwúrọ̀ Sátidé ṣì gbọ́dọ̀ bọ́ ọmọ ní alẹ́ Sátidé. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ohun kan tó wú mi lórí ní Badia àti àwọn àdúgbò bíi tirẹ̀ ni pé àwọn ará ibẹ̀ ti ń ka ara wọn. Àjọṣepọ̀ kan wà tí àwọn ará irú àdúgbò yìí dá sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, tí àjọ Justice & Empowerment Initiatives ń tì lẹ́yìn. Wọ́n ń kó owó jọ lẹ́gbẹẹgbẹ́, wọ́n ń ya àwòrán ilẹ̀ àdúgbò wọn fúnra wọn, wọ́n ń ka ilé, wọ́n ń ka orí. Ẹni tó bá ti ka ara rẹ̀ ní nǹkan lọ́wọ́ tó máa fi bá ìjọba sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rọ ìránṣọ tí gbogbo ayé ń fún wọn

Bí àjọ kan bá fẹ́ ran àwọn obìnrin yìí lọ́wọ́ ní Èkó, mo lè sọ ohun tí wọ́n máa mú wá kí wọ́n tó dé: ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ ìgbẹrun, ọṣẹ pípò, báàgì ìlẹ̀kẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní ibùdó ìkọ́ṣẹ́ ọ̀fẹ́ lábẹ́ ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ obìnrin, WAPA. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Mo mọ àwọn tó ti ibẹ̀ di èèyàn.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò. Àpẹẹrẹ ni mo fi ṣe o: ká ní obìnrin kan ń san 5,000 náírà lójúmọ́ fún yàrá. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbowó, kì í ṣe ọdọọdún. Ó ti di 150,000 lóṣù kó tó jẹun. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba Èkó kéde fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní 2024 jẹ́ 85,000. Ẹni tó bá fi yàrá yẹn sílẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ kò ní rí owó kankan fún ọdún kan, ó kéré tán. Láyé àwọn baba wa, ilé ló ń bọ́ ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Obìnrin yìí, òun ló ń bọ́ ilé. Ó ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní ìlú, àbúrò rẹ̀ wà ní poli, ọmọ tirẹ̀ wà lọ́dọ̀ alágbàtọ́ ní Agége. Ìlú kì í béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Wọ́n mọ̀ pé ó “wà ní Èkó”.

Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò ní 2023, tí owó ọkọ̀ àti gàrí fò sókè, àwọn tó ń ránṣọ pàápàá ń ti ṣọ́ọ̀bù pa. Nígbà náà, ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n fún un ní oṣù Kẹta, ó ti wà lórí Facebook fún títà ní oṣù Kẹfà. Àjọ náà á ní aláìmoore ni.

Ohun tó ń so ó mọ́ yàrá jù ni gbèsè. Ibi yìí ni Sonagachi, àdúgbò aṣẹ́wó ńlá ní ìlú Kolkata ní Íńdíà, ti ní nǹkan kọ́ wa. Ní 1992, dókítà kan tó ń jẹ́ Smarajit Jana bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìdènà àrùn AIDS níbẹ̀. Dípò kó kó nọ́ọ̀sì wá láti ìta, àwọn obìnrin àdúgbò náà ló kọ́ láti máa kọ́ ara wọn. Láìpẹ́, wọ́n sọ fún un pé kì í ṣe àrùn ló ń dààmú àwọn jù. Olówó èlé ni. Báǹkì kò gbà wọ́n, nítorí wọn kò ní ìwé kankan. Ní 1995, wọ́n dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tiwọn sílẹ̀, USHA. Òfin ìpínlẹ̀ náà sọ pé ẹni tó máa wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ oníwà rere. Wọ́n bá ìjọba jà lórí gbólóhùn yẹn títí ó fi gbà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rí owó yá láìsí pé ẹnì kan fi èlé bó wọn lára.

Àwọn obìnrin Sonagachi kò sọ pé àwọn fẹ́ kí iṣẹ́ náà parẹ́. Wọ́n fẹ́ kí wọ́n kà á sí iṣẹ́, kí ọlọ́pàá yé lù wọ́n. Àwọn mìíràn ní Íńdíà, bíi ẹgbẹ́ Apne Aap tí Ruchira Gupta bẹ̀rẹ̀ ní 2002, sọ pé títa èèyàn ni, kò sí orúkọ mìíràn fún un. Ìjà ńlá ló wà láàárín wọn. N kò ní ṣe onídàájọ́. Ṣùgbọ́n mo rí i pé àwọn obìnrin Sonagachi fúnra wọn ló dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ tó ń yẹ ẹni tuntun wò, bóyá ọmọdé ni, bóyá wọ́n fi tipátipá mú un wá. Ta ló tún máa tètè mọ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó kun àtíkè ju ẹni tó wà ní yàrá kejì?

Torí pé ní ti ọmọdé, kò sí àríyànjiyàn. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà láti 2003, ti Èkó láti 2007, NAPTIP sì ti wà láti 2003 láti bá àwọn tó ń kó èèyàn tà ṣẹjọ́. Ẹni tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún kì í ṣe aṣẹ́wó. Wọ́n ń fi í ṣòwò ni.

Ní ti àgbàlagbà, ẹ lọ ka Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a jogún lọ́wọ́ òyìnbó. Ọkùnrin tó ń jẹ nínú owó aṣẹ́wó, òfin mú un. Ẹni tó ń bójú tó ilé aṣẹ́wó, òfin mú un. Ẹni tó gbé ilé lé wọn lọ́wọ́ tó sì mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe, òfin mú un. Òfin àtijọ́ yẹn pàápàá mọ̀ pé kì í ṣe obìnrin nìkan ló ń jẹ níbẹ̀. Ta ni wọ́n ń kó sínú ọkọ̀? Nígbà tí wọ́n kó àwọn obìnrin ní Àbújá ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ dá àwọn kan nínú wọn láre ní oṣù Kejìlá, ó ní wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ wọn lójú. N kò rántí ìgbà tí mo rí fọ́tò onílé tó fi ọwọ́ bo ojú.

Níbi tí a lè ti bẹ̀rẹ̀

Èkó kì í ṣe abúlé. Kò sí baálé kan tí a lè pè, kò sí àṣà ìdána kan tí gbogbo ilé ń bọ̀wọ̀ fún. Àwọn obìnrin náà wá láti ìpínlẹ̀ púpọ̀, ọ̀pọ̀ kò ní gbé àdúgbò kan ju ọdún méjì lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ètò Wadia wá sí Sùúrùlérè ní odindi, òfo ló máa bá bọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ wọn ni mo rò pé ó yá jù. Òfin ẹ̀kọ́ àpapọ̀ ti 2004 sọ pé ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì pọn dandan. Àjọ tó ń ka èèyàn ń fi ìwé ọjọ́ ìbí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún. Ohun tí ìyá náà kò ní ni ẹni tó máa jókòó tì í nígbà tó bá débi àlàfo orúkọ baba, àti ibi tí ọmọ máa wà láàárín aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí òwúrọ̀. Ilé-ìwé wa máa ń ṣí lásìkò tí ìyá ń sùn, ó máa ń tì lásìkò tí ìyá fẹ́ jáde. Ẹni tó bá ṣí ibi tí ọmọ ti lè jẹun, kí ó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, kí ó sì sùn, ní àdúgbò náà gan-an, kì í ṣe ní Lẹ́kí, ti ṣe ohun tí ẹ̀rọ ìránṣọ ogún kò lè ṣe. Ìyá onírẹsì lè dáná níbẹ̀. Yóò gba owó rẹ̀.

Owó ló kàn. Ní ọ̀pọ̀ irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, alájọ ti wà ná. Mo bá ọ̀kan sọ̀rọ̀, obìnrin tó ti ń gba àjọ fún ọdún mẹ́rìnlá. Ó ní àwọn oníbàárà òun tó dára jù wà nínú àwọn yàrá yẹn, nítorí wọn kì í pa ọjọ́ jẹ. Ó mọ ẹni tó ń tọ́jú owó ilé-ìwé, ó mọ ẹni tó ń sanwó fún màdáámù, ó mọ ẹni tó ti fẹ́ lọ. Mo bi í léèrè bóyá àwọn àjọ tó ń wá pín ẹ̀rọ ti bi í ní nǹkan rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí ìwé káàdì rẹ̀, ó fi ìka wá orúkọ kan, ó ní kí n dúró ná, òun fẹ́ yára dé yàrá kẹrin kí obìnrin ibẹ̀ tó lọ wẹ̀.